Ọkọ̀ ojú irin fi mí sílẹ̀ ní Ládérìn: ṣé títì Abẹ́òkúta ló kéré ni?

Ọmọ Adígbẹ · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ẹ bá mi dá sí i.

Àárọ̀ òní ni mo fẹ́ lọ sí Èkó. Mo ní n ò gba Sango, torí ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìfọ̀ sí Sango ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ wàhálà. Mo ní ọkọ̀ ojú irin ni mo máa wọ̀ ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká tó wà ní Ládérìn. Ó ku wákàtí kan ààbọ̀ kí ọkọ̀ gbéra nígbà tí mo kúrò nílé ní Adígbẹ. Micra gbé mi dé Pánsẹ́kẹ́, ó dúró. Jàǹbá kò ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ kankan kò bàjẹ́. Micra mẹ́ta ló to ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ níwájú wa tí wọ́n ń pe "Kútọ̀, ó ku ẹnì kan!", kòròpé kan fẹ́ yí padà láàárín wọn, màrúwá kan sì ti ki orí bọ àyè tó ṣẹ́ kù. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni mo fi wo ìpàkọ́ awakọ̀. Nígbà tó sú mi, mo bọ́ sílẹ̀, mo wọ ọ̀kadà. Owó tí ẹni yẹn pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ ojú irin dé Èkó. Mo san án. Bí mo ṣe ń sáré wọ ọgbà ni mo gbọ́ fèrè. Ìdí ọkọ̀ ni mo rí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Láyé ìjọba Amosun, láàárín 2011 sí 2019, wọ́n wó ilé, wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mú títì fẹ̀, wọ́n gbé afárá sókè. Ẹ̀gbọ́n màmá mi wà lára àwọn tí ilé wọn lọ. Ó yẹ kí ìyà yẹn ti gbà wá. Kí ló wá dé tí Pánsẹ́kẹ́ ṣì rí báyìí? Ṣé títì náà ló ṣì kéré ni?

Èkó Ni Mo Wà · 8:31 alẹ́

Ìṣẹ́jú 35 lẹ̀ ń pariwo lé lórí? Ẹ wá sí Oṣòdì kí ẹ wá rí gósíló tó mọ orúkọ bàbá yín.

Ọmọ Adígbẹ · 8:33 alẹ́

Èkó yẹn náà bẹ̀rẹ̀ níbì kan, ọ̀gá. A ò fẹ́ dé ibẹ̀ ni a ṣe ń sọ̀rọ̀.

Awakọ̀ Rere · 9:02 alẹ́

Mo mọ̀ pé orí àwa oní-Micra lọ̀rọ̀ máa já sí. Ó dáa. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí.

Ọkọ̀ tí mò ń wà kì í ṣe tèmi. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń sanwó fún ẹni tó ni ín, bí òjò rọ̀, bí kò rọ̀. Bí mo bá wọ gáréèjì, mo máa gba tọ́ọ̀nù. Ọkọ̀ mẹ́jọ lè wà níwájú mi. Mo tún máa já tíkẹ́ẹ̀tì. Kí tọ́ọ̀nù tó kàn mí, ilẹ̀ ti mọ́ gedegbe, àwọn tó ń lọ ibi iṣẹ́ ti lọ tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Pánsẹ́kẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta, èrò márùn-ún ti pé. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, awakọ̀ tó bá ń fi ìjókòó kan òfo rìn, epo ló ń sìn.

Ẹ̀yin èrò ńkọ́? Ọ̀gá kan á dúró sí ẹnu oríta gan-an, á nawọ́. Ibi tí ọkọ̀ lè yà sí kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ, kò ní rìn débẹ̀. Bí mi ò bá dúró fún un, Micra tó wà lẹ́yìn mi á gbé e, á sì yọ ahọ́n sí mi.

Èmi kọ́ ni mo dá Pánsẹ́kẹ́ sílẹ̀.

Onímáàpù · 10:20 alẹ́

Awakọ̀ Rere, ohun tí o sọ yìí sàn ju ọ̀pọ̀ ìwé tí mo kà nílé ẹ̀kọ́ lọ. Ètò ìlú ni mo kọ́, mo sì ṣe é fún ọdún díẹ̀ kí n tó bá òwò lọ, nítorí náà ẹ fojú fo ẹnu gígùn mi.

Ẹ wo àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Bí o bá mú ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó agbada, epo tó ń já sínú ìgò kò yí padà. Ihò ìsàlẹ̀ ló ń pinnu. Títì tó gba ọkọ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí Micra tó ń wá èrò gba ẹsẹ̀ kan, tí alátẹ àti ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ gba ìkejì, títì ọlọ́kọ̀ kan ni, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ fẹ̀ tó. Gbogbo fífẹ̀ tó wà ṣáájú oríta kàn di ibi tí a ti ń to ara wa dè é ni.

Ẹ wá wo àyè tí a ń gbà. Èrò 60 ń lọ láti Ọbáńtókó sí Kútọ̀. Bí kálukú bá gbé ọkọ̀ tirẹ̀, tí a ní mítà 7 fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín wọn, mítà 420 nìyẹn, ìró ọkọ̀ tó gùn tó bíi pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin. Bí Micra bá kó wọn ní márùn-ún márùn-ún, Micra 12 ni, mítà 84. Bọ́ọ̀sì ńlá kan á kó gbogbo wọn, bí àwọn kan bá gbà láti dúró, kò sì ní gùn ju mítà 12 lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bá oní-Micra jà. Èmi àtìwọ tá a ń dá nìkan gbé Kámírì lọ síbi iṣẹ́ là ń gba àyè jù.

Ní ti kí a tún mú títì fẹ̀: ní Houston ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Katy fẹ̀ títí ó fi tó ojú ọ̀nà 26 níbì kan, tí a bá ka àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2008. Kò ju ọdún mélòó kan lọ, àkókò tí èèyàn ń lò lójú ọ̀nà náà ní ìrọ̀lẹ́ tún ti ń gùn sí i. Títì tuntun a máa pe ọkọ̀ tuntun. Ẹni tó ti ń gba ẹ̀yìn ilé lọ á padà wá, ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì á ra ọkọ̀, ẹni tó ń gbé nítòsí á lọ kọ́lé sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Anthony Downs, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé èyí láti 1962.

Bàbá Láfẹ́ńwá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Mo kí gbogbo yín, ọmọ Líṣàbi. Ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí lórí fóònù, mo sì ní kó jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ títì bí ẹni pé ẹnì kan jókòó ya ìlú yìí sórí ìwé. Kò sẹ́ni tó yà á. Nígbà tí àwọn bàbá wa bá Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kan kọ́ ni wọ́n tẹ̀ dó, ìlú rẹpẹtẹ ni. Ará Ìjemọ̀ dúró tì ara Ìjemọ̀, Ìtòkú dúró tì Ìtòkú, Kémta, Ìgbéìn, Ìkìjà, kálukú pẹ̀lú olóyè rẹ̀ àti Ògbóni rẹ̀. Àwọn Òwu dé bá wa ní 1834. Ọ̀nà tó wà láàárín wọn, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, tó ń yípo àpáta. Ibi tí àpáta bá ti gbà ni èèyàn ń gbà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn náà lẹ da ọ̀dà sí lónìí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lọ sí ibi tí kò jìnnà fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí Ìtòkú àti Sápọ́n. Odò Ògùn tún wá dá wa sí méjì, afárá tó ré e kọjá kò pọ̀, gbogbo ayé sì ń kọjá ní Láfẹ́ńwá. Ẹ wá ní ọjọ́ ọjà kí ẹ wá wò ó.

Ẹ̀yin ọmọdé rò pé réluwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láti Èkó dé Ìbàdàn, ó sì ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Láfẹ́ńwá ni ọkọ̀ ti ń dúró, inú ọjà gan-an. Ìyá mi á sọ̀ ẹrù gààrí láti inú ọkọ̀, á gbé e sórí, kó tó rin ogójì ìgbésẹ̀ ó ti dé ìsọ̀ rẹ̀. Kò sí ọ̀kadà tó máa bu owó fún un. Ta ló wá gbé réluwéè tuntun lọ sí Ládérìn, nínú igbó?

Onímáàpù · 7:48 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Mi ò tíì rò ó dé ibi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yẹn rí.

Ṣùgbọ́n mo máa bá Ládérìn gbèjà díẹ̀. Irin àtijọ́ fẹ̀ ní mílímítà 1,067, ó sì lè wé mọ́ òkè bí ejò torí ọkọ̀ rẹ̀ kì í sáré. Tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021, tó gùn ní kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn, mílímítà 1,435 ni. Ọkọ̀ tó bá ń sáré kò lè yà bìrí. Ó ń fẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ. Bí wọ́n bá ní àwọn máa mú un wọ inú ìlú, ilé mélòó ni wọn ì bá tún wó, lórí àpáta bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe àwa nìkan. Ibùdókọ̀ ti Ìbàdàn náà, Moníyà ló wà, kì í ṣe Dùgbẹ̀.

Bí ibùdókọ̀ bá wà lẹ́yìn odi, iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ kò tíì parí títí ohun tó máa gbé èrò débẹ̀ fi wà. Ibẹ̀ la ti ṣìnà.

Bàbá Láfẹ́ńwá · 8:10 àárọ̀

Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ogójì ìgbésẹ̀ ni ti ìyá mi o.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú · 1:15 ọ̀sán

Mo rí i pé ẹnì kan ti ka "alátẹ" mọ́ ohun tó ń dí títì. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ó jọ pé ó kàwé. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Bí ọjọ́ ọjà bá kò, oníbàárà ń ti Èkó wá, wọ́n ń ti Ìbàdàn wá, àwọn mìíràn ń ti òkè òkun wá. Ta ló máa rù àdìrẹ márùndínlọ́gọ́ta sórí láti ibi tí ó gbé mọ́tò sí? Wọ́n ti kó àwa kan kúrò ní ìdí títì rí, mi ò dárúkọ ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù dáa, òrùlé rẹ̀ kò jò, iná wà. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí: ọkọ̀ kì í gba ibẹ̀ kọjá. Oníbàárà á pè mí, "Màmá, níbo gan-an ni?" Mo ń ṣàlàyé títí owó orí fóònù mi á tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fara dà á. Ọjọ́ tí mo padà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo tà kí n tó tẹ́ aṣọ tán.

Ẹ kọ́kọ́ mú bọ́ọ̀sì lọ síbi tí ẹ fẹ́ kó wa lọ. Bí bọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, ẹ ò ní pè wá kí a tó débẹ̀, àwa la máa dé ibẹ̀ kí ẹ tó kọ́ ọ tán.

Òfin Ni Kẹ́ ẹ Tẹ̀ Lé · 1:40 ọ̀sán

Àwáwí ni gbogbo èyí. Kí wọ́n kó gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró ní Pánsẹ́kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, kí wọ́n má gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ máa rí i.

Awakọ̀ Rere · 2:25 ọ̀sán

Wọ́n ti ń lé wa láti ìgbà tí mo ti wọṣẹ́. Ṣé o mọ ohun tá a máa ń ṣe? A ó yípo. A ó gba Òkè-Ìléwó, a ó yọ ní ẹ̀yìn, a ó padà wá wò bóyá wọ́n ti lọ. Micra tó yẹ kó dúró síbì kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ti wá ń rìn lófìfo lórí títì kan náà. Ìwọ tó o wà lẹ́yìn wa lò ń jìyà ìyẹn náà.

Mo fẹ́ dúró síbi tó tọ́. Ibẹ̀ ni mi ò rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbátà · 4:50 ìrọ̀lẹ́

FUNAAB, yunifásítì tó wà ní Àlàbátà, ni mo wà. Ẹ jẹ́ n fi tiwa kún un. Tí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, Camp, níbi tá a ti ń wọ ọkọ̀, máa kún bí ìgbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì. Ó lè jẹ́ wákàtí kan kí ọkọ̀ kankan má yọjú, kí mẹ́rin wá dé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó lágbára jùlọ wọlé. Ọ̀rẹ́ mi fi bàtà ẹsẹ̀ kan ṣe ìdánwò.

Kì í ṣe ìjìnnà ló ń pa wá. Àìmọ ìgbà ni. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé bọ́ọ̀sì máa kọjá ní 7:20, tó sì kọjá ní 7:20 lónìí àti lọ́la, ta ló tún máa gun ọ̀kadà lójú òjò? Mo rí i pé ìjọba ìpínlẹ̀ gbé bọ́ọ̀sì tó ń lo gáàsì jáde ní 2023. Ó dáa fún owó epo. Ṣé ó máa mú kó yá?

Onímáàpù · 9:30 alẹ́

Gáàsì kì í fo títì kọjá. Bọ́ọ̀sì tó ń lo gáàsì á dúró sẹ́yìn Micra tó ń lo bẹntiróòlù, àwọn méjèèjì á jọ máa wo ara wọn. Bí bọ́ọ̀sì kò bá ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ó kéré tán ní ẹnu oríta tó le jù, èrò kò ní rí ìdí tó fi yẹ kí òun fi Micra sílẹ̀.

Màmá Aládìrẹ, mo tọrọ àforíjì. Ohun tí ẹ sọ yẹn náà ni Curitiba, ìlú kan ní Brazil, fi orúkọ ṣe. Láti 1974 ni wọ́n ti fún bọ́ọ̀sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé wọ́n so òfin ilé kíkọ́ mọ́ ọn: ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n ti gba ilé gíga láàyè. Ẹni tó ń wá ilé àti ẹni tó ń wá ṣọ́ọ̀bù bá bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Níbí, Ọbáńtókó àti Òṣíẹ̀lẹ̀ ti kún kí ẹnikẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé báwo ni wọn ó ṣe máa dé Òkè-Mosán láàárọ̀.

Awakọ̀ Rere, mo mọ ẹ̀rù tó ń bà ọ́: pé bí bọ́ọ̀sì ńlá bá dé, oúnjẹ rẹ bọ́. Wo Èkó. Wọ́n dá LAMATA sílẹ̀ ní 2002, kí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lè máa wo títì, bọ́ọ̀sì àti réluwéè pọ̀. Nígbà tí BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2008 láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW fúnra wọn ni wọ́n wà lára àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì náà. Wọn ò lé wọn, wọ́n fà wọ́n wọlé. Réluwéè aláwọ̀ búlúù tẹ̀ lé e ní 2023, aláwọ̀ pupa ní 2024, káàdì Cowry kan náà lo sì lè fi wọ bọ́ọ̀sì àti réluwéè. Ọkọ̀ pupa yẹn, irin kan náà tó gba Ládérìn kọjá ló ń lò láti Agbádó dé Oyíngbò. Mi ò ní Èkó ti yanjú, Èkó Ni Mo Wà á bú mi. Mo kàn ní wọ́n so nǹkan pọ̀.

Tiwa kò tilẹ̀ nílò owó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì máa na ọ̀nà tó gùn láti Òṣíẹ̀lẹ̀ dé Kútọ̀, kí Micra àti màrúwá máa kó èrò láti inú àdúgbò wá bá a. Awakọ̀ á rin ọ̀nà kúkúrú, èrò á máa yára pé. Kí a gbẹ́ ibi tí ọkọ̀ lè yà sí kúrò lójú títì, kó sì wà lẹ́yìn oríta, kì í ṣe ní ẹnu rẹ̀, kí ọkọ̀ tó dúró má baà dí ẹni tó fẹ́ yà. Kí bọ́ọ̀sì Ládérìn máa rìn pẹ̀lú aago ọkọ̀ ojú irin: kó dé ṣáájú rẹ̀, kó sì dúró de àwọn tó bá sọ̀.

Èkó Ni Mo Wà · 9:41 alẹ́

Mi ò bú ọ. Mo wọ ọkọ̀ búlúù yẹn lẹ́ẹ̀kan, mo sùn, mo sì jí ní ibi tí mò ń lọ. Kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní Èkó.

Ọmọ Adígbẹ · Ọjọ́rú, 7:55 alẹ́

Mo ṣe ohun kan láàárọ̀ yìí. Mo tètè jáde, mo dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánsẹ́kẹ́ fún wákàtí kan, mo ń kà. Mi ò ní pè é ní ìwádìí, obìnrin tó ń ta àkàrà rò pé owó orí ni mò ń gbà. Mo ṣáà rí i pé gbogbo ìgbà tí ìró ọkọ̀ bá dúró, tí mo bá rìn lọ síwájú lọ wo orí rẹ̀, ọkọ̀ kan tàbí méjì tó ń dúró de ẹni ìkẹyìn ni. Ìjókòó kan ló ń dá ọgọ́rùn-ún èèyàn dúró.

Mo tún ń lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì. Awakọ̀ Rere, bí èrò márùn-ún bá ti pé kí o tó ṣíná ọkọ̀, èló lo máa gbà láti Adígbẹ dé Ládérìn?

Awakọ̀ Rere · 8:20 alẹ́

Bí márùn-ún bá ti pé, kí ni mò ń wá ní Pánsẹ́kẹ́? Mo máa gba owó Micra lásán, màá fi díẹ̀ lé e torí pé ó jìnnà. Ẹ jọ pín in. Kò ní tó ìdajì ohun tí ọ̀kadà gbà lọ́wọ́ yín. Ibi tí ọ̀dà parí sí ní Adígbẹ ni mo máa wà, aago márùn-ún ààbọ̀. Ẹni tó bá pẹ́, mo ti lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbátà · 8:26 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ilé àǹtí mi ní Adígbẹ ni mo máa sùn mọ́jú.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú · 8:40 alẹ́

Ọmọ mi, fi àyè kan sílẹ̀ fún mi. Mo ní àpò aṣọ méjì.

Awakọ̀ Rere · 8:44 alẹ́

Ìyá wa, àpò méjì ti di èrò kan o.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú · 8:45 alẹ́

Màá san tiẹ̀ náà.

Awakọ̀ Rere · 8:47 alẹ́

Ọmọ Adígbẹ, akẹ́kọ̀ọ́, ìyá wa, àpò ìyá wa. Ó ku ẹnì kan.